TSH màmá mi wálẹ̀ gan-an, dókítà sì ní gẹ̀gẹ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Ẹ bá mi tú u

Àdùkẹ́_Ìlá:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi.

Ẹni ọdún 58 ni màmá mi. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn wọn láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì, ṣùgbọ́n kò dùn wọ́n, kò sì dí wọn lọ́fun, nítorí náà kò sẹ́ni tó kà á sí. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni nǹkan ti yí padà. Wọ́n ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n ń rù. Àyà wọn ń lù kì-kì-kì lórí ìjókòó. Nínú ọyẹ́ tí gbogbo wa ń wá aṣọ òtútù, àwọn ní kí a tan fáànù. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ọwọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà, kóńgò á máa gbọ̀n, èlùbọ́ á máa dà sílẹ̀. Àwọn ará ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé iṣẹ́ ayé ni.

A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà wo ọrùn, ó wo ọwọ́, ó ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì. Ọ̀kan ló tíì jáde: TSH 0.01. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó yẹ kó wà láàárín 0.4 sí 4.0. Èkejì, FT4, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe é ti tán ní láàbù, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Dókítà ní gíláǹdì ọrùn wọn ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, n kò lè bèèrè púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ní dókítà ṣìnà. Ó ní nǹkan tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, òkè ni iye rẹ̀ ń lọ. Ó ti ra áyódíìnì olómi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ni yóò gbé iye náà dìde. Ìgò náà wà lórí tábìlì báyìí. N kò tíì jẹ́ kí wọ́n lò ó. Ta ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì?

Ọmọ_Láàbù:

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún màmá ní ohun tó wà nínú ìgò yẹn.

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n yín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi wá lójú fèrèsé, ìbéèrè tó dára sì ni. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n rò pé inú ọrùn ni TSH ti wá. Kò ti ibẹ̀ wá. Gíláǹdì kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, inú kòtò eegun kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ló jókòó sí. Pituitary ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń da TSH, họ́mónù tó ń pàṣẹ fún gíláǹdì ọrùn, sínú ẹ̀jẹ̀. Táírọ́ìdì, èyí tó dà bí labalábá níwájú ọrùn, ń da tirẹ̀: T4 àti T3. (T4 yìí ni FT4 tí ẹ ń dúró dè ń wọ̀n.)

Ẹ jẹ́ ká lọ sí sáìtì ilé kíkọ́. Táírọ́ìdì ni lébìrà tó ń po sìmẹ́ǹtì. Pituitary ni fóòmàn. TSH ni igbe tí fóòmàn ń ké pé "Ẹ pò ó wá!" Bí sìmẹ́ǹtì bá kéré, á pariwo. Bí ó bá tó, á rẹ ohùn sílẹ̀. Bí sìmẹ́ǹtì bá wá kún gbogbo ilẹ̀ tó ń ṣàn lọ sójú títì, fóòmàn á pa ẹnu mọ́ pátápátá. 0.01 yìí ni ẹnu tí fóòmàn pa mọ́. Kò sọ fún lébìrà pé kó pò ó, lébìrà sì ń pò ó lọ. Ìdí nìyẹn tí iye náà fi wà nílẹ̀ nígbà tí ara màmá ń sáré. (Onílé tún wà lókè fóòmàn, apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hypothalamus. Òun náà ní họ́mónù tó fi ń ránṣẹ́ sí fóòmàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Iṣẹ́ tí sìmẹ́ǹtì náà ń ṣe ni pé ó ń sọ fún gbogbo ẹran ara bí wọn yóò ṣe yára sun oúnjẹ tó. Bí ó bá pọ̀ jù, oúnjẹ á máa jó dànù, ooru á mú ni, ọkàn á máa sáré, ìgbẹ́ á máa yá, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ẹ tún ohun tí ẹ kọ nípa màmá kà. Ẹ ti ka àmì àìsàn náà fún wa tán kí àyẹ̀wò tó jáde.

Àgbẹ̀_Òkèigbó:

Ọmọ Láàbù, o ṣé, ṣùgbọ́n má jẹ́ ká fọwọ́ rọ́ áyódíìnì sẹ́yìn báyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní abúlé tí bàbá mi ti ń dáko, ilé tí kò ní ẹlẹ́gẹ̀gẹ̀ kò pọ̀. Àwọn àgbà ní omi odò ló ń fà á. Àwọn elétò ìlera ló wá sọ fún wa pé áyódíìnì ló sọnù nínú oúnjẹ wa. Láti ìgbà tí iyọ̀ inú nàílọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n fi áyódíìnì sí, ti dé abúlé náà, n kò rí ọmọdé tó ní gẹ̀gẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Bí àìsí áyódíìnì bá ń fa gẹ̀gẹ̀, kí ló dé tí áyódíìnì kò fi ní wo gẹ̀gẹ̀ sàn?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:

Bàbá, ẹ kú ìrírí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí ẹ rí lójú ara yín, ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù tì í.

Áyódíìnì ni yanrìn tí lébìrà fi ń po sìmẹ́ǹtì yẹn. Ẹyọ áyódíìnì mẹ́rin ló wà nínú T4 kan, mẹ́ta nínú T3, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ wọn. Àgbàlagbà nílò 150 máíkírógíráàmù lójúmọ́, aboyún nílò 250. Kò tó nǹkan rárá, orí abẹ́rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí, fóòmàn á máa pariwo tọ̀sán-tòru, lébìrà kò ní rí yanrìn, gíláǹdì á wá máa pọ̀ sí i bí ẹni pé púpọ̀ lébìrà ló máa sọ yanrìn di púpọ̀. Gẹ̀gẹ̀ tí ẹ rí ní abúlé nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa tún ń dá kún un. Májèlé inú rẹ̀, bó bá wọ ara, á di ohun tó ń dínà mọ́ áyódíìnì lẹ́nu ọ̀nà táírọ́ìdì. Ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fún un fún ọjọ́ bíi mélòó kan nìyẹn, kí àwọn tó ń ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo má fi ẹ̀mí ènìyàn ṣeré.

Òfin Nàìjíríà ti sọ ọ́ di dandan pé kí áyódíìnì wà nínú iyọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ dé iyọ̀ yín, ẹ má gbé e sí oòrùn, kí ẹ sì máa fi í sí ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Èmi kò ní yéé sọ ọ́, nítorí ọmọ inú oyún tí kò rí áyódíìnì tó, ọpọlọ rẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ti màmá Àdùkẹ́ ti yàtọ̀. Gẹ̀gẹ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí sábà máa ń di kókó-kókó. Àwọn kókó kan nínú rẹ̀ á ti dá dúró, wọn kì í dúró de àṣẹ fóòmàn mọ́. Bí ẹ bá wá da yanrìn rẹpẹtẹ síwájú irú lébìrà bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò máa pò ó lọ láìsí ẹni tí yóò dá a dúró. Ọkàn àgbàlagbà lè má gbà á. Áyódíìnì inú iyọ̀ ló ń dènà gẹ̀gẹ̀ lára ọmọdé. Ti inú ìgò lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń sáré, ewu ni.

Àbíkẹ́_Peckham:

Òdìkejì màmá ni tèmi. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì níbí ní London, oorun ni. Mo lè sùn wákàtí mọ́kànlá kí n jí pẹ̀lú ara tó wúwo bí òkúta. Irun ń já, ìgbẹ́ kò yọ, ohùn mi nípọn, òtútù ń mú mi nínú ooru. Ìyá ọkọ mi wá bá wa tọ́mọ, wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí, mo sì gbà wọ́n gbọ́, nítorí èmi náà kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, TSH jẹ́ 74. Bí mo ṣe ń ka ohun tí Ọmọ Láàbù kọ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Fóòmàn ti ń pariwo títí ohùn fi há, kò sì sí lébìrà kankan ní sáìtì.

Levothyroxine ni mò ń lò, T4 gan-an ni, ní òwúrọ̀ kí n tó jẹ nǹkan kan, omi lásán. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi kí ẹlòmíràn má ṣe é. Oṣù mẹ́ta ni TSH mi fi kọ̀ tí kò wálẹ̀. Wọ́n ń fi kún oògùn mi ṣáá. Apoògùn kan ló bi mí léèrè ohun tí mò ń lò pẹ̀lú rẹ̀. Mò ń gbé e mì pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀, ayọ́ọ̀nù tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ìbímọ. Ayọ́ọ̀nù ń dì í mú nínú ìfun, kò jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀. Kálísíọ̀mù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi wákàtí mẹ́rin sí àárín wọn, ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọ_Láàbù:

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: bí wọ́n bá yí oògùn yẹn padà fún ẹnikẹ́ni, kó dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó tún àyẹ̀wò ṣe. T4 kì í tètè kúrò lára, ó ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kejì, owó ẹ ló ń gbé lọ.

Ohun kan máa ń wú mi lórí nípa oògùn yín. Ní 1891, dókítà kan tó ń jẹ́ George Murray ní Newcastle fi omi táírọ́ìdì àgùntàn gún obìnrin kan lábẹ́rẹ́, obìnrin tó ń ṣàìsàn bíi tiyín tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ara rẹ̀ yá. Ó lo ọdún 28 sí i láyé. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà "họ́mónù" gan-an kò tíì délé ayé, 1905 ni Ernest Starling ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó.

Kàyéfì_Ọ̀yọ́:

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun kan ṣì ń dí mi lọ́nà. Bí fóòmàn bá ti dákẹ́, ta wá ló ń sọ fún lébìrà pé kó máa pò ó?

Ọmọ_Láàbù:

Ohun tí Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ nípa kókó tó dá dúró jẹ́ ọ̀nà kan. Ọ̀nà kejì ni pé àjèjì kan wọ sáìtì tó ń fara wé ohùn fóòmàn. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, á ṣe ohun ìjà kan tó jọ TSH débi pé lébìrà kò mọ ìyàtọ̀. Fóòmàn dákẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dún ní sáìtì. Àìsàn Graves ni, Robert Graves ní Dublin kọ nípa rẹ̀ ní 1835. Obìnrin ló ń mú jù. Ẹyinjú àwọn kan máa ń yọ síta. Àǹtí Àdùkẹ́, ojú màmá ńkọ́?

Mo tún fẹ́ bi yín bóyá wọ́n ń lo oògùn tó ń mú irun àti èékánná dàgbà. Biotin inú rẹ̀ lè da àwọn ẹ̀rọ láàbù kan rú, kí TSH hàn bí ẹni pé ó wálẹ̀ nígbà tí kò wálẹ̀.

Àdùkẹ́_Ìlá:

Ojú wọn wà bó ṣe wà. Wọn kì í lo oògùn irun kankan. Ọlọ́run á san án fún yín, mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi létí.

Agbẹ̀bí_Èkìtì:

Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin ará, mo bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má ka èyí kó wá gbà pé TSH tó wálẹ̀ túmọ̀ sí táírọ́ìdì tó ń ṣe àṣejù nígbà gbogbo. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń gbẹ̀bí. Fóòmàn lè dákẹ́ nítorí pé sìmẹ́ǹtì pọ̀. Ó sì lè dákẹ́ nítorí pé fóòmàn ti kú.

Bí obìnrin bá lóyún, pituitary rẹ̀ máa ń tóbi sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń fẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya lára obìnrin náà nígbà ìbí, tí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ mọ́, gíláǹdì náà á kú díẹ̀ tàbí kó kú tán. Dókítà kan tó ń jẹ́ Sheehan ló ṣàlàyé rẹ̀ ní Glasgow ní 1937, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà. Gíláǹdì kan yẹn ló ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ nǹkan lára, nítorí náà ohun tó ń kú kì í ṣe ẹyọ kan. Omi ọyàn kò ní wá, tàbí kó má tó nǹkan kan. Nǹkan oṣù kò ní padà. Irun abíyá tí wọ́n fá kò ní hù mọ́. Òtútù, àárẹ̀, òòyì bí ó bá dìde lójijì. Mo ti rí obìnrin tí wọ́n lé kúrò nílé ọkọ lórí rẹ̀, pé àjẹ́ ló gbẹ ọyàn rẹ̀. N kò lè gbàgbé ojú rẹ̀.

TSH irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wálẹ̀, ó sì tún lè wà ní ibi tó yẹ kó wà, kí ó tan ènìyàn jẹ. FT4 ló ń tú u fó. Bí TSH bá wálẹ̀ tí FT4 ròkè, táírọ́ìdì ń ṣe àṣejù. Bí FT4 náà bá wálẹ̀, ẹ yẹ orí wò. Àdùkẹ́ ọmọ mi, kí ẹ rí i pé àyẹ̀wò kejì yẹn jáde.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣun:

Màmá agbẹ̀bí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Àbúrò mi obìnrin bímọ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ya títí wọ́n fi fa páìǹtì mẹ́rin sí i lára. Ọyàn kò wá rí. Nǹkan oṣù kò padà títí di òní. Èmi ni mò ń di irun fún un, mo mọ̀ pé abíyá rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé, a kò fi í pe nǹkan kan. Wọ́n ti gbé e lọ sí òkè àdúrà méjì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó dákú nínú báluwẹ̀.

Agbẹ̀bí_Èkìtì:

Má sunkún. Gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó ní dókítà họ́mónù lọ́la, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbolohùn àkọ́kọ́ tí o máa sọ fún dókítà ni pé ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ nígbà ìbí, pé ọyàn kò wá. Bí o kò bá sọ ọ́, wọ́n lè má bèèrè.

Gbọ́ èyí dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan rí i pé FT4 rẹ̀ wálẹ̀ kó ní kó máa lo oògùn bíi ti Àbíkẹ́. Kí ẹ bèèrè nípa cortisol kó tó gbé e mì. Gíláǹdì méjì tó jókòó lé kíndìnrín lórí ló ń ṣe cortisol, fóòmàn kan náà ló ń pàṣẹ fún wọn, òun ló sì ń di ènìyàn mú nígbà àìsàn àti ìfarapa. Bí wọ́n bá fún un ní T4 kí wọ́n tó dá cortisol padà, ara á sáré jẹ ìwọ̀nba tó kù tán, ó lè ṣubú kó má dìde. Cortisol ni àkọ́kọ́.

Déọlá_Ìbàdàn:

Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé cortisol yìí ló jọ dẹ́sà (oògùn dexamethasone) tí àwọn kan ń pò mọ́ àgúnmu orúnkún? Ojú àǹtí mi ti rí róbótó, ikùn wọn tóbi, ẹsẹ̀ wọn sì tín-ín-rín.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:

Ìdílé kan náà ni. Bí ó bá ti pẹ́ lára, fóòmàn á rò pé iṣẹ́ ń lọ, á dákẹ́, gíláǹdì orí kíndìnrín á sùn lọ. Nítorí náà kí àǹtí má kàn jù ú nù lójijì, torí kò sí ti inú ara tó máa rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n gbé àgúnmu náà dání lọ bá dókítà, diẹ̀diẹ̀ ni wọ́n ń bá ni dín in kù.

Àdùkẹ́_Ìlá (ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn náà):

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. FT4 màmá jáde: 61. Láàbù ní 12 sí 22 ló yẹ kó jẹ́. Dókítà tọ̀nà. Carbimazole tó ń dín iṣẹ́ táírọ́ìdì kù ni wọ́n fún wọn, àti propranolol tó ń mú ọkàn rọra. Wọ́n kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ní ásímà kí wọ́n tó kọ èyí kejì. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló da ohun inú ìgò nù. Lọ́jà ìjẹrin, mo dúró lẹ́yìn màmá, mò ń wo kóńgò. Kò gbọ̀n.

A tún àyẹ̀wò ṣe lánàá. FT4 ti di 24, ṣùgbọ́n TSH ṣì wà ní 0.01. Ṣé oògùn kò ṣiṣẹ́ tó ni?

Ọmọ_Láàbù:

Ó ṣiṣẹ́. FT4 ni kí ẹ máa wò báyìí. Fóòmàn tó ti pẹ́ ní dídákẹ́ kì í tètè jí, ó lè gbà á tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí sìmẹ́ǹtì ti dọ́gba.

Ẹ kọ èyí sára páálí carbimazole: bí ibà bá dé pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun dídùn, kí màmá dá oògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ yẹ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní ohun tí yóò fi bá àrùn jà.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣun:

Màmá agbẹ̀bí, Sheehan ni. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, àyè ibi tí gíláǹdì yẹn yẹ kó wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Hydrocortisone, oògùn tó jẹ́ cortisol gan-an, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, T4 tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó dìde, ó ní ebi ń pa òun, ó lọ gbé ìkòkò kaná fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́fà, kò rí i rí kó dáná.

Agbẹ̀bí_Èkìtì:

Ọlọ́run ṣeun. Kó má ṣe fo hydrocortisone náà fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ibà bá mú un, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, ẹ bi dókítà yín kí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún yín láti ìsinsìnyí. Bí ó bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú, abẹ́rẹ́ ni, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ àìsàn náà sínú páálí kékeré kan, kó máa wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ.